Láwọyin Gbin Ọ̀ṣọ́, Ààlà Ló Hù

Bí ẹ bá dé Ìdó-Ọ̀pẹ, tí ẹ bá ẹnìkan níbi tó ti ń ṣàlàyé pé ire lòun ní lọ́kàn, pé òun kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yóò dà bó ṣe dà, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Kò ní pẹ́ tí àgbàlagbà kan yóò fi mi orí, tí yóò ní: "Láwọyin gbin ọ̀ṣọ́, ààlà ló hù." Àlejò a máa wo ojú àgbà náà bóyá ó ń ṣe àwàdà ni. Ta ló ń gbin ọ̀ṣọ́? Ọrùn àti ọwọ́ la mọ̀ tí wọ́n ń lo ọ̀ṣọ́ sí, a kì í gbẹ́ ilẹ̀ fún un. Ààlà náà ńkọ́? Ènìyàn ní í pa ààlà, kì í dédé hù bí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Ọmọ ìlú gan-an, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń pa òwe náà láìmọ ìdí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí.

Láwọyin kì í ṣe ènìyàn burúkú. Káfíńtà ni, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ níbi iṣẹ́. Nígbà tí àwọn òyìnbó rélùwéè ń kọ́lé sí ìlú kan lókè ọ̀hún, ó bá wọn ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀, ó ń kan ilẹ̀kùn, ó ń tún àga ṣe. Ohun tó wọ̀ ọ́ lójú níbẹ̀ kì í ṣe ilé wọn, ìta ilé ni. Ó rí i pé bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, àwọn òyìnbó kì í dúró sínú yàrá. Wọn a gbé àga síta, sábẹ́ ìbòòji, láàárín òdòdó, wọn a sì máa mu tíì bí ẹni tí ayé kò kàn. Láwọyin a máa kan ìṣó lọ, a máa wò wọ́n. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọjọ́ tí òun bá padà sílé, òun náà yóò ní irú rẹ̀.

Ilé tó padà sí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Baba wọn ló kọ́ ọ, ọwọ́ ilé méjì tó dojú kọ ara wọn, pẹ̀lú àgbàlá ńlá kan láàárín. Ògúndìran, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń gbé lápá òsì pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Láwọyin ń gbé lápá ọ̀tún pẹ̀lú Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ àti Ìbídùn, ọmọ wọn obìnrin. Apá ọ̀tún yìí ni ẹnu ọ̀nà tí gbogbo ilé ń gbà wọlé wà. Baba wọn ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọkùnrin méjèèjì kò pín nǹkan kan. Alaalẹ́, inú àwo kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Ògúndìran ni yóò kọ́kọ́ bu òkèlè, Láwọyin a tẹ̀ lé e, ẹran tó bá sì kẹ́yìn nínú àwo, ẹ̀gbọ́n a fi ọwọ́ tì í sọ́dọ̀ àbúrò. Bí wọ́n ti ń ṣe é láti kékeré nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó rò pé ó lè yí padà.

Ní ọdún tí à ń sọ yìí, ilé rere kan wá tọrọ Ìbídùn. Wọ́n dá ọjọ́ ìdána sí ẹ̀yìn ìkórè kòkó. Láwọyin wá wo àgbàlá. Ilẹ̀ pupa lásán ló rí, pẹ̀lú odó tó dojú dé àti ìgbẹ́ ewúrẹ́. Ojú tì í.

"Níbo la ó fi àwọn àna jókòó sí?" ó bi ìyàwó rẹ̀.

"Inú àgbàlá náà ni," Àwẹ̀ró dáhùn. "A ó tẹ́ ẹní, bí gbogbo ayé ti ń ṣe."

"Ẹní kẹ̀? Fún ìdána Ìbídùn?"

Owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà. Ó gé ọparun létí odò, ó fi kan àtíbàbà síwájú ilé rẹ̀, ó tẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ lé e, ó sì darí ìtàkùn igbá gun orí rẹ̀. Ọ̀pẹ kan tí ìjì wó lóko ló là sí méjì, ó fá ojú rẹ̀ títí ó fi dán, ó fi ṣe bẹ́ǹṣì. Àwọn ìkòkò ẹlẹ́nu yíya tí Àwẹ̀ró ti dà sẹ́yìn ilé, ó kó wọn padà wá, ó bu ilẹ̀dú sí wọn, ó gbin tannáposó sínú wọn. Ó fi efinrin yí ìdí bẹ́ǹṣì ká kí ẹ̀fọn má bàa yọ àlejò lẹ́nu. Ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ lódò, ó tẹ́ ẹ láti ẹnu ọ̀nà dé abẹ́ àtíbàbà nítorí bàtà àwọn àna. Táyà kan tí awakọ̀ kan jù nù, ó fi ẹfun kùn ún, òun náà di ilé òdòdó.

Kí a má purọ́, ibẹ̀ dára. Bó bá ti di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, tí tannáposó bá là, òórùn rẹ̀ a gba gbogbo ilé. Àwọn ará àdúgbò ń yà wá wò ó. Àwẹ̀ró tó ti ń kùn pé ọkọ òun kò ní iṣẹ́ ṣe mọ́, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó síbẹ̀ ṣa ẹ̀wà. Láwọyin a na ẹsẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, a wo òkè, inú rẹ̀ a sì dùn bí ẹni tó jẹ oyè.

Ewúrẹ́ ni kò jẹ́ kó gbádùn. Ìyàwó Ògúndìran, tí Àwẹ̀ró ń pè ní ìyálé, ló ni wọ́n. Tí wọ́n bá ti tú lápá òsì, ọ̀dọ̀ òdòdó ni wọ́n ń bọ̀ tààrà. Wọ́n jẹ efinrin tán, wọ́n dojú ìkòkò kan bolẹ̀, ó fọ́ yángá. Láwọyin ní àfi kí òun ṣe ọgbà. Ọparun ti tán létí odò, kò sì sí ohun tí yóò fi ra pákó. Ìgbà náà ni ó rántí pèrègún.

Igi ọ̀fẹ́ ni pèrègún. Gé e, tì í bọ ilẹ̀, gbàgbé rẹ̀, yóò hù. Ewé rẹ̀ tutù minimini, ó sì máa ń dúró ṣánṣán. Ògúndìran wà ní abà nígbà náà, ó ń kórè kòkó, Láwọyin kò sì rí ìdí tí yóò fi dúró dè é. Ó mú àdá, ó gba ojú ọ̀nà oko lọ, ó gé ẹrù pèrègún kan, ó rù ú bọ̀ wálé. Àgbẹ̀ kan pàdé rẹ̀ lọ́nà.

"Láwọyin, ààlà oko ni ẹ fẹ́ pa ni?"

"Rárá o. Inú ilé ni mo fẹ́ gbìn ín sí."

Ọkùnrin náà wò ó títí. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní, ó sì yára kọjá.

Ó yẹ kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ mọ̀ pé ní Ìdó-Ọ̀pẹ, pèrègún kì í ṣe igi òdòdó. Ojúbọ ni wọ́n ń gbìn ín sí, àbí ojú ààlà. Bí ẹ bá rí i láàárín oko méjì, ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ni ti lágbájá parí sí, ibẹ̀ sì ni ti làmọ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹlẹ́rìí tó jù ú lọ. Ẹni tí kò gbìn ín kò gbọdọ̀ fà á tu; bó bá fà á, ó ti jí ilẹ̀ nìyẹn. Láàárín agbo ilé kan, ìgbà kan péré ni wọ́n ń gbìn ín, nígbà tí olórí ilé bá kú tí àwọn tó kù kò sì lè bá ara wọn gbé mọ́. Gbogbo èyí ni Láwọyin mọ̀, inú ìlú náà ni wọ́n kúkú bí i sí. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń wo igi bí igi lásán.

Àwẹ̀ró rí ẹrù náà, ó fi ọwọ́ lérán.

"Bàbá Ìbídùn, kí lẹ fẹ́ fi pèrègún ṣe?"

"Ọgbà ni. Kí ewúrẹ́ yé jẹ òdòdó wa."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró kí ẹ̀gbọ́n yín ti abà dé."

"Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ni yóò wá máa lé ewúrẹ́ ni? Igi lásán ni, Àwẹ̀ró. Ọ̀ṣọ́ ni."

"Tó bá jẹ́ ọgbà lásán ni, ẹ ò ṣe fi làpálàpá ṣe é?"

"Làpálàpá kò rẹwà."

Ó gbìn ín. Ó tò ó láti ara ògiri ẹ̀yìn títí dé ara ògiri iwájú, ní ọ̀gangan àárín àgbàlá. Ó fi àyè kan sílẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè máa rí ibi gbà kọjá sí ẹnu ọ̀nà, ó tilẹ̀ ń yin ara rẹ̀ pé òun ro ti ẹlòmíràn. Ìyálé yọ sí i níbi tó ti ń tẹ ilẹ̀ mọ́ ìdí igi. Ó kí i kú iṣẹ́, ó mú okùn, ó so àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì wọlé lọ. Láwọyin ní obìnrin náà mọ̀wà hù.

Nígbà tí Ògúndìran ti abà dé, pèrègún ti yọ ewé tuntun. Ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé pẹ̀lú ẹrù lórí, ó tẹ òkúta wẹ́wẹ́, ó wo àtíbàbà, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló rí àárín àgbàlá. Ó dúró, ó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀," Láwọyin dọ̀bálẹ̀ kí i. "Ẹ wo bí mo ti ṣe ilé wa lọ́ṣọ̀ọ́!"

"Mo rí i," Ògúndìran ní. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára pèrègún. "Ìwọ lo gbìn ín?"

"Èmi ni."

"Ṣé o rò ó dáadáa?"

"Háà, ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́dọ̀ àwọn rélùwéè ni."

Ògúndìran mi orí. Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó rìn dé ibi àyè tí Láwọyin fi sílẹ̀, ó sì dúró. "Ṣé mo lè gba ibí kọjá?" ó bi àbúrò rẹ̀.

Láwọyin bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kò yé ṣàwàdà, pàápàá lẹ́yìn iṣẹ́ oko.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyálé gbé oúnjẹ Láwọyin fún un nínú àwo ọ̀tọ̀, ó fi ọmọrí dé e. Láwọyin ní àárẹ̀ ló mú ẹ̀gbọ́n òun. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, àwo ọ̀tọ̀ ló tún wá. Nígbà tó yá, kò sí àwo kankan mọ́, Àwẹ̀ró ló ń se tirẹ̀ fún un, ó sì ń dá jẹ ẹ́ lábẹ́ àtíbàbà láàárín gbogbo òdòdó náà. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ tí ó fi gbọ́ ìró òòlù lápá òsì. Ògúndìran ti dá ògiri ẹ̀yìn ilé rẹ̀ lu, ó ń ṣe ilẹ̀kùn tuntun síbẹ̀, sí ojú ọ̀nà tó lọ sí ààtàn. Káfíńtà mìíràn ló sì pè. Ìyẹn ló dun Láwọyin jù lọ. Láti ọjọ́ tó ti mọ òòlù dì mú, kò sí ẹlòmíràn tó kan ìṣó nínú ilé náà rí.

"Ìlara ni," ó sọ fún Àwẹ̀ró.

"Onílara kì í tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni," Àwẹ̀ró dáhùn. "Ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀."

"Kí ni mo ṣe tí n ó fi lọ bẹ̀bẹ̀? Ṣé torí mo tún ilé ṣe?"

Nígbà tí ọjọ́ ìdána kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, kò sí bí kò ṣe ní lọ. Nílẹ̀ wa, baba tó bí ọmọ kọ́ ló ń fa ọmọ lé àna lọ́wọ́, àgbà ẹbí ni. Láwọyin dúró létí pèrègún, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó rán an létí ọjọ́ náà.

"Iwájú ilé mi ni n ó wà," Ògúndìran ní. "Ẹni tó bá wá mi á rí mi."

Láwọyin ní ó ti gbà nìyẹn.

Ọjọ́ pé. Àwọn àna dé pẹ̀lú iṣu, obì, orógbó, oyin àti ọtí. Bàbá Adégbènró, ẹ̀gbọ́n baba ọkọ ìyàwó, ló ṣáájú wọn. Ó wọlé, ó rí òkúta wẹ́wẹ́, ó rí àtíbàbà tí igbá ti so wọ̀wọ̀ sára rẹ̀. "Ẹ̀yin ará ibí, ẹ mà mọ ilé ṣe o!" Orí Láwọyin wú. Ó ní kí wọ́n jókòó. Bàbá náà ní wọn kì í jókòó kí wọ́n tó kí àgbà ilé.

"Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn níwájú ilé wọn," Láwọyin ní, ó sì nawọ́.

Bàbá Adégbènró yíjú. Ó rí Ògúndìran lórí àga, nínú agbádá, pẹ̀lú fìlà lórí. Ó rí pèrègún láàárín. Ó gbé ọwọ́ sókè, gbogbo àwọn tó ru ẹrù lẹ́yìn rẹ̀ sì dúró.

"Láwọyin, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, bàbá."

"Ogún ta lẹ wá pín?"

"A ò pín ogún, bàbá. Ọ̀ṣọ́ ni mo gbìn síbẹ̀."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, mo mọ òdòdó, mo sì mọ pèrègún. A ò bá yín jà o. Ṣùgbọ́n bí èdèkòyédè bá dé láàárín ọmọ wa àti ìyàwó rẹ̀ lọ́la, ilé ta la ó gbé e wá? Bí a bá gbé e wá sápá ibí, ṣé apá ọ̀hún á dá sí i? Inú ẹbí là ń fẹ́ ìyàwó, a kì í fẹ́ ẹ nínú ààbọ̀ ẹbí. Ẹ parí ọ̀rọ̀ yín, kí ẹ ránṣẹ́ sí wa."

Wọ́n yí padà pẹ̀lú ẹrù wọn. Ìbídùn wà nínú yàrá pẹ̀lú aṣọ ìdána lára, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹkún tó bú sí ni àwọn ará ìta gbọ́.

Láwọyin gba àyè àárín pèrègún kọjá sí apá òsì, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti gbìn ín. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ewúrẹ́ ni mo ń ṣe ọgbà dè."

"Ewúrẹ́?"

"Ewúrẹ́ ìyálé. Wọ́n ń jẹ òdòdó mi."

Ògúndìran ṣí fìlà kúrò lórí. "Ewúrẹ́," ó tún wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti abà dé, mi ò rí oorun sùn. Mò ń rántí gbogbo ohun tí mo ti ṣe sí ọ láti kékeré, mò ń wá èyí tí mo fi ṣẹ̀ ọ́. Mo bi ọ́ bóyá o rò ó dáadáa, o ní ó ti pẹ́ tí o ti ń rò ó. Ìdí wo ni n ó tún bi ọ́?"

"Ẹ ò bá fà á tu, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ ò bá fà á tu, kí ẹ gbá mi létí!"

"Èmi kọ́ ló gbìn ín."

Láwọyin dìde. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa gbogbo rẹ̀ tu, láti ògiri dé ògiri, pẹ̀lú aṣọ ìnáwó lọ́rùn, ó kó o dà sí ààtàn, ó dí ojú ihò wọn, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn àna, wọ́n sì padà wá. Ògúndìran jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ àtíbàbà, ó fi Ìbídùn lé wọn lọ́wọ́, ó ṣàdúrà, ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Láwọyin mí kanlẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, a kì bá tí ní òwe. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun nínú àwo kan, ṣùgbọ́n bó bá ti ku ẹran kan, Ògúndìran a tì í sọ́dọ̀ Láwọyin, Láwọyin a dá a padà, "Rárá, ẹ jẹ ẹ́," títí ọbẹ̀ yóò fi dì mọ́ ọn lára. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà sì ṣì wà níbẹ̀. Ògúndìran ní atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ wọlé, ibẹ̀ ló sì ń gbà jáde lọ sóko. Láwọyin a pè é pé kó wá gba afẹ́fẹ́ lábẹ́ àtíbàbà. Ògúndìran a ní òun ń bọ̀, ṣùgbọ́n kì í wá.

Ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ ló wá kù. Tẹ́lẹ̀, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ jí nínú àwọn ìyàwó méjèèjì ni yóò gbá gbogbo àgbàlá. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ pèrègún, Àwẹ̀ró a gbálẹ̀ lápá tirẹ̀, bó bá dé ibi tí igi wà tẹ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ a dúró. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Kò kàn fẹ́ kí ìyálé sọ pé òun ti kọjá àyè òun ni. Ìyálé náà a gbá tirẹ̀ dé ibẹ̀, òun náà a dúró, nítorí kò fẹ́ kí Àwẹ̀ró sọ ohun kan náà. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wá ṣẹ́kù láàárín tí ìgbálẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í kàn. Ewé gbígbẹ kó jọ síbẹ̀. Nígbà tí òjò ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, koríko hù níbẹ̀, ó lọ gbọọrọ láti ògiri dé ògiri, ó tọ́ ju bí pèrègún ti tọ́ lọ.

Láwọyin ro ó, ó tún hù. Ó tún un ro. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ojú ibẹ̀ fúnra rẹ̀, ọkùnrin tó tó bẹ́ẹ̀. Àwẹ̀ró dúró lápá kan, ìyálé dúró lápá kejì, wọ́n ń wò ó. Ògúndìran jáde síta pẹ̀lú orín lẹ́nu. Ó wo àbúrò rẹ̀ títí, àánú rẹ̀ sì ṣe é.

"Láwọyin, fi í sílẹ̀," ó ní. "Ọ̀ṣọ́ lo gbìn. Ààlà ló hù."

Ó rẹ́rìn-ín bó ti sọ ọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò ní ìbínú nínú. Láwọyin fẹ́ bá a rẹ́rìn-ín, kò rí i ṣe. Ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó wọlé. Àwọn obìnrin méjèèjì ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé odò, odò ló gbé e dé ọjà.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ ọ ní Ìdó-Ọ̀pẹ, ẹ má rò pé wọ́n ń pe ẹni náà ní òpùrọ́. Wọ́n gbà pé ire ló ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kò sí ará ilé tó ń rí ọkàn ẹni, ohun tí a gbìn sójú ilẹ̀ ni wọ́n ń rí, òun náà ni wọ́n sì ń bá gbé. Láwọyin gbin ọ̀ṣọ́, ààlà ló hù.